Kí O Tó Mú Kọ́lẹ́ẹ̀jì: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìmọ̀ràn àti Isitikáárà

 



Ní gbogbo ìgbà tí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde, ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ máa ń gbé wá bá wa ní ilé-kéwú lẹ́yìn ìrun Àsìrì. Wọn a ní, "Alfa, níbo ni kí n mú?" Ọmọ Ìkìrun ń bi í, ọmọ Inísà ń bi í, ọmọ Òkukù náà ń bi í. Ẹni tí ó ń bèèrè rò pé orúkọ ìlú ni òun fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ju orúkọ ìlú lọ. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ayé ọmọ ni, ó sì lè jẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí á jọ sọ ọ́ nínú oṣù yìí, kí n sì jẹ́wọ́ àṣìṣe kan tí èmi fúnra mi ṣe lórí rẹ̀, bóyá ẹlòmíràn yóò fi kọ́gbọ́n.

YUNIFÁSÍTÌ KAN, ÌLÚ MẸ́FÀ

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní UNIOSUN, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, kò wà ní ojú kan ṣoṣo. Ìlú mẹ́fà ni wọ́n pín in sí, méjì méjì ní ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìpínlẹ̀ wa. Òṣogbo àti Òkukù wà ní ẹkùn Ààrin Gbùngbùn, Èjìgbò àti Ìkirè wà ní Ìwọ̀ Oòrùn, Ìpetu-Ijẹ̀ṣà àti Ifẹ̀tẹ̀dó wà ní Ìlà Oòrùn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan, tí àwọn mìíràn ń pè ní fákọ́tì, ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní Òṣogbo ni wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn àti sáyẹ́ǹsì. Ní Òkukù ni ẹ̀kọ́ ìṣirò owó, ìṣàkóso okòwò, ètò ọrọ̀ ajé àti ìmọ̀ òṣèlú wà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Èjìgbò. Ẹ̀kọ́ èdè, ìtàn àti àṣà wà ní Ìkirè. Ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ olùkọ́ a lọ sí Ìpetu-Ijẹ̀ṣà, ẹni tí yóò ṣe lọ́yà a lọ sí Ifẹ̀tẹ̀dó. Ṣùgbọ́n yunifásítì kan náà ni gbogbo wọn, orúkọ kan náà ni yóò sì wà lórí ìwé ẹ̀rí ẹni tí ó bá jáde níbẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ọmọ mọ̀ nìyí: fọ́ọ̀mù kò bi ọ́ pé ìlú wo ni o fẹ́ gbé. Iṣẹ́ tí o fẹ́ kọ́ ni ó bi ọ́, iṣẹ́ náà ni yóò sì mú ọ lọ sí ìlú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú ìlú, tí ó wá ń wá iṣẹ́ tí yóò gbé e débẹ̀, ó ti dorí ọ̀rọ̀ kodò.

Àwọn tí ó ń dorí rẹ̀ kodò sì pọ̀ láàrin wa. Mo mọ ọmọ Inísà tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Òkukù sétí, kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ìṣirò owó, ṣùgbọ́n ó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo ni láti ẹnu ọ̀nà ilé bàbá òun, pé ta ni yóò gbà pé òun lọ sí yunifásítì? Òmíràn wà tí ohun tí ó ń sá fún ni ojú bàbá rẹ̀ àti ohùn tí ń jí i fún ìrun Sùbúhì. Àwọn òbí náà ní tiwọn. Òbí wà tí ó ní Òkukù ni ọmọ òun yóò lọ dandan, nítorí pé ìyá rẹ̀ yóò máa fi gàrí àti ẹ̀fọ́ ránṣẹ́ sí i, kò sì bèèrè ohun tí ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe. Òmíràn sì ní Òṣogbo ni, nítorí pé kí àwọn ará àdúgbò lè máa pe òun ní ìyá dókítà ni ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

N kò sọ pé kí á má ro ti owó o. Ẹni tí kò ní owó ilé gbígbé ní ìlú òkèèrè, tí iṣẹ́ tí ó fẹ́ sì wà nítòsí, oore Ọlọ́hun ni ó rí yẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí à ń rò, kì í ṣe òun nìkan.

ÌKÍNÍ: TÚN ÀNÍYÀN RẸ ṢE

Hádíìsì tí Bukhari fi ṣe àkọ́kọ́ nínú ìwé rẹ̀, èyí tí Sayyidinā Umar gbà wá, kọ́ wa pé àníyàn ni a fi ń wọn iṣẹ́. Àpẹẹrẹ tí Ànábì sì lò níbẹ̀ ni ti ìrìn àjò. Ènìyàn méjì lè jọ ṣe hijira láti Mọ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, kí wọ́n jọ rin ọ̀nà kan náà, kí ẹ̀san wọn má dọ́gba, nítorí pé ọ̀kan ń lọ nítorí Ọlọ́hun, èkejì ń lọ nítorí ohun ayé tàbí obìnrin tí ó fẹ́ fẹ́. Ẹ wò ó, ìlú tí a lọ kọ́ ni ó mú ẹ̀san wá, ohun tí a tìtorí rẹ̀ lọ ni.

Lẹ́yìn èyí, mọ ohun tí Ọlọ́hun fi sí ọ lọ́wọ́. Nínú Súrà Yūsuf, ẹsẹ 55, nígbà tí ọba Íjíbítì fẹ́ fi Ànábì Yūsufu sí ipò, Yūsufu kò sọ pé ipòkípò ni kí ó fún òun. Ilé ìṣúra ni ó bèèrè, ó sì sọ ìdí rẹ̀: pé òun mọ nǹkan pa mọ́, òun sì ní ìmọ̀ iṣẹ́ náà. Ọmọ tí ìṣirò bá wọ̀ ọ́ lára, tí ó sì jẹ́ olóòótọ́ lórí owó, kí ó má rò pé ìṣirò owó ní Òkukù kéré sí iṣẹ́ dókítà. Iṣẹ́ tí Ànábì Ọlọ́hun fi ẹnu ara rẹ̀ bèèrè ni. Mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ wa ni ó ti túká nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè kọ ìwé owó tí yóò mọ́?

Bákan náà ni Ọlọ́hun sọ fún wa nínú Súrà Taobah, ẹsẹ 122, pé kò tọ́ kí gbogbo àwọn onígbàgbọ́ jáde lọ sí ojú ogun lẹ́ẹ̀kan náà, kí apá kan lọ wá òye ẹ̀sìn kí wọ́n lè wá kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn wọn. Àwa ń rí ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ pé pínpín ni à ń pín iṣẹ́. Kò yẹ kí gbogbo ọmọ wa jẹ́ dókítà, kò sì yẹ kí gbogbo wọn jẹ́ alfa. Ìlú Mùsùlùmí nílò ẹni tí yóò wo aláìsàn, ẹni tí yóò gbin ohun tí à ń jẹ, ẹni tí yóò gbẹjọ́ rò àti ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé.

ÌKEJÌ: FỌ̀RỌ̀ LỌ ẸNI TÍ Ó MỌ̀

Nínú Súrà Āl-Imrān, ẹsẹ 159, Ọlọ́hun pa Ànábì láṣẹ pé kí ó máa bá àwọn sàábé rẹ̀ jíròrò, bí ó bá sì ti pinnu tán, kí ó gbára lé Òun. Ẹni tí ìmísí ń bá láti òkè wá ni a sọ fún bẹ́ẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí ó ń kún fọ́ọ̀mù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi kò mọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń bèèrè. Ẹni tí wọ́n ń bi ni mo fẹ́ bá wí, ara mi sì ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ kan láti Inísà wá bá mi. Ọmọ tí ó kéwú jinná ni. Òun ni ó ń bá mi kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní Sátidé àti Sọ́ńdè, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ń sin adìẹ lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀, ó sì mọ àìsàn wọn ju ẹni tí ó ń ta oògùn fún un lọ. Ó ní, "Alfa, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọkàn mi fẹ́, Èjìgbò ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ. Kí ni ẹ rí sí i?"

Ẹ̀yin ará, n kò bi í léèrè bí ó ti ṣe sí nínú kẹ́mísìrì àti bàọ́lọ́jì. N kò bi í léèrè agbára bàbá rẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ wọ ọkàn mi ni pé, ta ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní Sátidé? Olùkọ́ méjì ti fi mí sílẹ̀ lọ́dún náà. Mo bá sọ fún un pé Òkukù súnmọ́ ilé, pé ayé òde òní, ọ̀rọ̀ owó ni, pé kí ó lọ kọ́ ìṣàkóso okòwò. Mo tún fi Hádíìsì tì í lẹ́yìn, èyí tí ó sọ̀rọ̀ nípa ọlá ẹni tí ó kọ́ Àlùkùránì tí ó sì fi kọ́ ẹlòmíràn. Hádíìsì òdodo ni, ṣùgbọ́n mo fi ṣe okùn láti fi so ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ó ti kún fọ́ọ̀mù tán ni mo tó sọ fún un pé kí ó lọ ki ìrun isitikáárà. A ti dé ilé kí á tó bèèrè ọ̀nà.

Ọmọ náà gbọ́ tèmi. Ó wọlé sí Òkukù, ó sì ń wá ní gbogbo Sátidé bí mo ti fẹ́. Òkukù kò ṣe é ní ibi kankan; àwọn tí wọ́n jọ wọlé, tí iṣẹ́ náà wọ̀ lára, ń tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n òun ń kà á bí ẹni tí ó ru ẹrù ẹlẹ́rù. Lẹ́yìn ọdún méjì ó tún JAMB ṣe láìsọ fún mi, ó sì rí ààyè ní Èjìgbò, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní. Ọjọ́ tí ó wá sọ fún mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Alfa, ẹ forí jì mí, mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀."

Èmi tí mo ṣẹ̀ ni ó ń bẹ̀. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá bàbá rẹ̀ ní Inísà, mo sọ òtítọ́ ohun tí ó wà nínú mi nígbà tí mo ń gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn. Bàbá náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Alfa, a ti fi fún Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ọdún méjì pọ̀ lórí owó oko." N kò ní èsì. Mo bẹ òun àti ọmọ rẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ kékeré tí mo ń tìtorí wọn bẹ̀rù, kéwú wọn kò parun. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì àgbà gba iṣẹ́ náà, ẹni tí n kò fi ìgbà kan rò pé mo lè bi í.

Hádíìsì wà nínú ìwé Abū Dāwūd àti Tirmidhī tí ó kọ́ wa pé àmáánà ni ọ̀rọ̀ tí a fi lọ ènìyàn. Mo ti ń fi Hádíìsì náà kọ́ ọmọ kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Ẹnu ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo bí Ànábì ti ṣe é. Muslim gbà á wá pé nígbà tí Fātimah ọmọ Qays parí ìdáà rẹ̀, Mu'āwiyah àti Abū Jahm ni wọ́n jọ wá fẹ́ ẹ, ó sì lọ bi Ànábì. Ànábì kò fi ohun tí ó mọ̀ pa mọ́: ó jẹ́ kí ó mọ̀ pé ọ̀kan kò ní owó lọ́wọ́, ọwọ́ èkejì sì le, ó wá tọ́ka Usāmah ọmọ Zayd sí i. Obìnrin náà kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbà, Ọlọ́hun fi oore síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí ẹni tí a bi sọ àlébù àti ànfààní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bí ó ti mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀kan nínú ọ̀nà náà bá ṣe òun gan-an láǹfààní, kí ó sọ ìyẹn náà síta. Bí kò bá mọ̀, kí ó ní òun kò mọ̀, kí ó sì fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, tí ó mọ iye tí wọ́n ń gba ilé, bí omi ti rí, àti ibi tí mọ́sálásí wà.

ÌKẸTA: KI ISITIKÁÁRÀ KÍ Ó TÓ BỌ́

Jābir ọmọ Abdullāhi sọ, gẹ́gẹ́ bí Bukhari ti gbà á wá, pé Ànábì máa ń kọ́ àwọn ní isitikáárà lórí ọ̀rọ̀ gbogbo, bí ó ti ń kọ́ wọn ní Súrà inú Àlùkùránì. Ìrun rakah méjì ni, tí kì í ṣe ti ọ̀ranyàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni àdúà. Nínú àdúà náà, ẹrú ń jẹ́wọ́ fún Ọlọ́hun pé Òun ni Ó mọ̀, pé òun kò mọ̀. Ó ń tọrọ pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ oore fún ẹ̀sìn òun, ìgbésí ayé òun àti àtubọ̀tán òun, kí Ọlọ́hun kọ ọ́ mọ́ òun, kí Ó sì mú un rọrùn. Bí ó bá jẹ́ aburú, kí Ó darí rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ òun, kí Ó darí òun náà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kí Ó kọ oore mọ́ òun níbikíbi tí ó bá wà, kí Ó sì jẹ́ kí òun yọ́nú sí i.

Ẹ jẹ́ kí n tún nǹkan mẹ́ta ṣe níbí. Èkíní, isitikáárà kì í ṣe wíwo àlá. Ẹni tí ó bá kí i tí kò lá àlá kankan kò pàdánù nǹkan kan. Kí ó máa tẹ̀ síwájú lórí ohun tí ìwádìí àti ìmọ̀ràn fi hàn án, bí Ọlọ́hun bá ti mú un rọrùn. Èkejì, ìwọ tí o fẹ́ wọlé ni kí o kí i fúnra rẹ. Má fi owó rán alfa. Ẹ̀kẹta, má kí i nígbà tí o ti so ọkàn rẹ mọ́ ibì kan tán, tí o kàn fẹ́ kí Ọlọ́hun bá ọ fọwọ́ sí i.

Isitikáárà kò sì ní kí á má so ràkúnmí. Ẹni tí ó fẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kò lè sá fún kẹ́mísìrì, ẹni tí ó fẹ́ ìṣirò owó kò lè sá fún Máàtì. Mélòó nínú yín ni ó pàdánù ààyè kì í ṣe nítorí máàkì, bí kò ṣe pé ẹ̀kọ́ tí ó mú nínú JAMB kò bá iṣẹ́ tí ó kọ mu?

BÍ WỌ́N BÁ GBÉ Ọ LỌ SÍBÒMÍRÀN

Ní yunifásítì Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ju ọgbọ̀n lọ. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, tí ó ti ń jẹun, tí olùkọ́ sì ti ń pè é jókòó ní ẹni kan tàbí méjì kọ́ ọ. Ẹni tí ó ń kọ̀wé síbẹ̀ lè dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, ó sì lè ní kí wọ́n bá òun yàn. Síbẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n dárúkọ ọ̀kan tí òmíràn gbà wọ́n. Oyè yunifásítì kan náà ni wọ́n jọ ń gbà. Àwa náà mọ irú rẹ̀ níbí: ọmọ a mú iṣẹ́ kan, wọn a fún un ní òmíràn.

Bí èyí bá ṣe ọ́, má sáré gbà, má sì sáré kọ̀. Tún fọ̀rọ̀ lọ ẹni tí ó mọ̀, kí o tún ki isitikáárà. Rántí Súrà Baqarah, ẹsẹ 216, níbi tí Ọlọ́hun ti kọ́ wa pé ènìyàn lè kórìíra ohun tí ó jẹ́ oore fún un, ó sì lè fẹ́ràn ohun tí ó jẹ́ aburú fún un. Bí o bá sì ti pinnu tán, dúró lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ Uhudu, ní ọdún kẹta Hijira, Ànábì fẹ́ kí wọ́n dúró sínú Mẹ̀dínà, àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n jáde. Lẹ́yìn tí ó ti gbọ́ tiwọn, tí ó ti gbé ẹ̀wù ogun wọ̀, wọ́n kábàámọ̀, wọ́n ní kí ó ṣe bí ó ti fẹ́. Kò bọ́ ẹ̀wù náà mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín lórí àwọn ọmọbìnrin. Ẹ má fi ẹ̀sìn bojú láti dí ọmọ lọ́nà nítorí pé Ìkirè tàbí Ifẹ̀tẹ̀dó jìn. Ìyá wa Āishah ni àwọn ọkùnrin sàábé ń lọ bi léèrè ìmọ̀. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ bá a dé ibẹ̀, ẹ wo ilé tí yóò gbé, ẹ fi í lé àwọn arábìnrin Mùsùlùmí lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1954, kò dá a sílẹ̀ fún nǹkan mìíràn bí kò ṣe kí ọmọ Mùsùlùmí má baà dá wà nílé ìwé.

Ẹ̀yin alfa ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ bá tún bi yín lẹ́yìn Àsìrì pé níbo ni kí òun mú, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi ara wa pé, ti ta ni mo fẹ́ sọ yìí, tirẹ̀ ni tàbí tèmi?

Kí Ọlọ́hun fi àwọn ọmọ wa sí ibi tí oore wọn wà, kí Ó jẹ́ kí wọ́n yọ́nú sí i, kí Ó sì forí jin àwa tí a ti gbà wọ́n nímọ̀ràn tí kò tọ́. Àmín.